Ọjọ́ Ìbí Màmá Lórí Ẹ̀jẹ̀ Rédíò

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án.

Téèpù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àlàáfíà ni bàbá àwọn ọmọ wà, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti jẹ́ kó máa rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àkọ́bí rẹ ti jáwọ́ lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, àbí ó ṣì ń fi abẹ́rẹ́ rẹ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo kí ìyá rẹ, mo kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, mo sì kí ọ kú oríire ṣọ́ọ̀bù tuntun tí mi ò wá bá ọ ṣí. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ọ. Lẹ́tà mẹ́ta ni o kọ tí mi ò fèsì ẹyọ kan, o sì sọ nínú ìkẹta pé bóyá mo ti di ẹni ńlá. Ẹni ńlá kọ́ ni mo dà, ọ̀rẹ́ mi. Ojú mi rí màbo ni. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò rọrùn fún mi láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Rédíò ló ṣàìsàn. Àbúrò mi náà ni o, èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ lórúkọ yẹn nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, tí Ọ̀gá wa máa ń há súìtì sí lẹ́nu kí etí gbogbo wa lè sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó kọ ìlà kan náà sójú pátákó lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó délé, ó ní àwọn pẹ́ńsùlù inú àpótí ń sọ̀rọ̀ òun láìdáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn pẹ́ńsùlù ti rí ẹni bá wọn ṣeré nìyẹn. O mọ ẹnu mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kì í sùn mọ́, ó ń sọ pé a fi nǹkan sí oúnjẹ òun, ó sì ń wo Màmá bí ẹni tí kò rí i rí.

Àbúrò Màmá ní ọkùnrin kan ló já a kulẹ̀, pé kí a fún un láyè. Àwọn ará ilé kejì kò sọ tiwọn sókè, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn wọlé tí wọ́n bá ti gbóhùn rẹ̀. Màmá ń ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ dárúkọ, o mọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe jókòó sórí àga, gìrì mú un. Ọwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Èmi àti ọkùnrin tó ń ṣe bàtà lójúde wa la gbé e sínú táksí.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí rèé. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń mú Màmá lọ sí ilé-ìwòsàn yẹn lóṣooṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún méjì ni mo ti ń dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, tí mò ń ka ọjọ́ ìbí Màmá bí ọmọdé ṣe ń ka ABD. Bàbá kan ló máa ń jókòó níbẹ̀, òwú dúdú ló fi so ẹsẹ̀ gíláàsì rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí ní orúkọ aláìsàn, mo sọ ti Rédíò. Ó bi mí ní àdírẹ́sì, mo sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ ìbí ńkọ́, èmi sì ń wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń yí àbúrò mi lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá rẹ̀ kan ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹnu mi dá a lóhùn. Ọjọ́ ìbí Màmá ló kà fún un, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ pé pérépéré. Mi ò mọ̀, Téèpù. Bàbá náà kọ ohun tí mo sọ, mo sì sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà ọpọlọ pè wá jókòó. Obìnrin ni, ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í parọ́ fún èèyàn. Ó ní kì í ṣe wèrè. Ó ní nínú ara kálukú wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà tó ń bá àrùn jà, pé àwọn ti Rédíò ló ṣi ọ̀tá mọ̀, ọpọlọ onílé ni wọ́n dojú ìjà kọ, ìdí nìyẹn tó fi wú. Màmá bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́. Wo ayé bí ó ṣe rí, ìyá ń dúpẹ́ pé ọpọlọ ọmọ òun wú. Wọ́n fi oògùn sí i lára fún ọjọ́ márùn-ún láti dá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́kun ìjà. Gìrì dáwọ́ dúró, àmọ́ Rédíò dákẹ́. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ìka rẹ̀ ń fa aṣọ ibùsùn. Ilé wa wá dákẹ́ débi pé aago ara ògiri ń dá mi lágara.

Dókítà ní oògùn kejì wà, ṣùgbọ́n ó le. Ó máa ń lu ẹ̀ṣọ́ rere àti ẹ̀ṣọ́ burúkú bolẹ̀ pọ̀, ikọ́ lásán sì lè pa ẹni tó bá ń gbà á. Kò fẹ́ fún un láìnídìí. Ó ní àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí òun fẹ́ kọ́kọ́ wò. Ó ní nínú iṣan ọpọlọ, àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín kan wà bí òwú, pé tí iṣan bá ń bà jẹ́, fọ́nrán wọ̀nyí máa ń já bọ́ sínú omi ẹ̀yìn, díẹ̀ nínú wọn á sì dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ wà tó ń ṣírò wọn. Tí wọ́n bá pọ̀, ìbàjẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ wa mà ni! O rántí bí Ọ̀gá wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì lálẹ́ kí a tó gbálẹ̀, tó máa wo òwú tó já sílẹ̀, tó sì máa mọ aṣọ ẹni tó ń tú? Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà sí i, fọ́nrán díẹ̀díẹ̀ máa ń já fúnra rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Mo ní ó yé mi, aṣọ àgbà máa ń tú ju aṣọ tuntun lọ. Mo tiẹ̀ ń gbéra ga pé ó tètè yé mi.

Èsì dé. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó bá ọjọ́ orí aláìsàn mu. Màmá dì mọ́ mi. Dókítà ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a ṣì dúró ná, kí oògùn àkọ́kọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. A dúró. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Rédíò kò gbéjú sókè wo ẹnikẹ́ni. Dókítà máa ń dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, á wojú rẹ̀, á wo ìwé, á tún wojú rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ohun tí ojú òun ń rí àti ohun tí ìwé ń wí kò bára mu, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ojú lásán fún èèyàn ní oògùn tó le tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní àwọn dókítà máa ṣèpàdé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pé àfàìmọ̀ kí wọ́n má gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò nílò ìtọ́jú kánjúkánjú sí. Ẹlòmíràn ń dúró de ibùsùn.

Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń rán etí aṣọ ilé-ìwòsàn tó ya lọ́rùn rẹ̀. Mo fẹ́ ìwé tí mo lè gún abẹ́rẹ́ mọ́, mo sì fa ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò yọ lábẹ́ ife omi. O mọ̀ pé a kì í rí ìwé ìwọ̀n kí a má kà á, ó ti di àrùn lára wa. Mo ka orúkọ, mo ka nọ́ńbà, mo wo igun òkè níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí ní lẹ́tà kéékèèké. Aláìsàn náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.

O rántí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé tí mo gé lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó jẹ́ ìwọ̀n ìyá rẹ̀ ni mo rántí, tí ọmọ náà wọ̀ ọ́ jáde, tí a kò rí ọwọ́, tí a kò rí ẹsẹ̀? O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wí i lẹ́yìn òun lẹ́ẹ̀mẹwàá: ojú ni kó ka ìwọ̀n, ẹnu kò gbọdọ̀ rántí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tẹ̀lé òfin yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú fèrèsé ilé-ìwòsàn ni mo ti rú u.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, nítorí tí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, mi ò mọ ẹni tí màá sọ ọ́ fún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ya ìwé yẹn. Mo wo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo rò ó pé ta ni yóò mọ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Nígbà náà ni mo wo àbúrò mi, mo rí i pé ó ti fa aṣọ ibùsùn títí ó fi tú, àwọn òwú tó já wà káàkiri àyà rẹ̀. Mo dìde, mo sì sáré.

Ilé àyẹ̀wò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àtẹ̀gùn mẹ́ta. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo kí i, mo ṣàlàyé, ó ní, “Ẹ má bínú o, mi ò lè fọwọ́ kan èsì tí dókítà ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òfin ni. Ẹnu mi fẹ́ mú bí abẹ, mo gbé e mì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi wò ó, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, báwo ló ṣe jẹ́?” Ó fi ìka tọ ìwé kan lára ògiri tí wọ́n to iye tó yẹ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan sí, ìka náà sì dúró. Ó yíjú sí mi. “Ta ló jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún?” Mo ní àbúrò mi ni. Kò tún sọ̀rọ̀ òfin mọ́. Ó ní ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà kọjá mẹ́wàá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi lọ́tun, ó fi bírò kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì gbé tẹlifóònù láti pe òkè. Kò sẹ́ni tó gbé e. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo wọlé bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, èémí mi ń lọ sókè sódò, mo na ìwé sí dókítà wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, “Ta ló sọ ọjọ́ ìbí yìí?” Téèpù, mo ní, “Mi ò mọ̀, Dókítà.” Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn tó ń jókòó lójú fèrèsé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ pé rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kejì. Láti ìgbà náà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń yìn mí. Màmá ń sọ fún ẹni tó bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé pé ojú télọ̀ ni ọmọ òun fi rí ohun tí ojú dókítà fò. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá ojú fèrèsé, wọ́n fún un ní ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ máa to fáìlì ní yàrá ẹ̀yìn títí wọn yóò fi parí ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń já oúnjẹ sí wọlé kí n má baà pàdé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oògùn kejì, mo bi dókítà pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó ní fọ́nrán tó já, òmíràn ń hù padà, òmíràn kì í hù, ẹ̀rọ lè ṣírò èyí tó já, kò lè sọ ohun tó so mọ́ ọn. Ó ní ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni a óò mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Màmá lọ ra búrẹ́dì, ó ku èmi àti Rédíò. Mo gbé orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọjọ́ ìbí, ti apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ti bàbá náà. Mo sunkún dáadáa. Ojú rẹ̀ wà lára àjà. Mo nu ojú mi, mo sọ fún ara mi pé mo ti jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, ẹni tí kò lè dá èèyàn lóhùn ni mo wá bá.

Oògùn náà kò ṣiṣẹ́ kíá o. Ibà mú un lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ méjì gbáko ni a kò fi orí lé ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n, ó ti di méjìlélógún. Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tẹ̀lé Màmá kiri yàrá. Ìka rẹ̀ fi aṣọ ibùsùn sílẹ̀. Ní ọjọ́rú tó kọjá, ó ní, “Omi.” Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, tí a kò sì gbọ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ní kí a má tíì máa jó.

Lánàá ni wọ́n tún wá gba ẹ̀jẹ̀. Òfin tuntun ti wà ní wọ́ọ̀dù yẹn báyìí nítorí tiwa: kí wọ́n tó lẹ orúkọ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ọjọ́ ìbí kí gbogbo ayé gbọ́. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi, ó béèrè. Ẹnu mi là, ó sì dá dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Màmá ń wò mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan jáde láti orí ìrọ̀rí, ó ha bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fọ́jọ́ pípẹ́. Rédíò ni. Ó sọ ọjọ́, ó sọ oṣù, ó sọ ọdún, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó sinmi díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ má kọ ti Màmá síbẹ̀ o. Àǹtí mi ti fi mí ṣe arúgbó rí.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, Màmá pẹ̀lú kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí ni ọmọ yìí ń sọ. Mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìdúró, lójú nọ́ọ̀sì tó di abẹ́rẹ́ mú. Màmá gbọ́ ọ tán, kò bú mi, kò lù mí lẹ́nu. Ohun tó bi mí ni pé, “Bàbá ojú fèrèsé ńkọ́?” Mo ní ó ṣì ń to fáìlì ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní, “Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìwọ jọ ń lọ bá wọn ni.” Rédíò ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Àṣírí mi ló fi ṣe ìròyìn àkọ́kọ́.

Inú mi dùn, mò ń sunkún, ẹ̀rù ń bà mí, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe mí pọ̀. Èsì ti àná, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ṣì ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò sì tíì padà sí i lórí. Bóyá ọjọ́ mẹ́sàn-án mi ló kó wọn lọ, bóyá kì í ṣe òun. Èmi yóò máa gbé pẹ̀lú bóyá yẹn ni. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ mi, bàbá náà á padà sídìí fèrèsé rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ sí mi, kí wọ́n sọ ọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí, kí o sì sọ fún Màmá rẹ pé àdúrà wọn kò ì tíì parí lórí wa. Rédíò ní kí n kí ọ. Ó ní ìwọ lo sọ òun lórúkọ, nítorí náà ìwọ lo máa ra bátìrì. Má dá mi lóhùn kíákíá tó bá jẹ́ pé o fẹ́ bá mi wí, kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀la kọjá. Mo ti kọ ohun tí màá sọ fún wọn sínú ìwé kan. Kíkà ni màá kà á, Téèpù. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnu mi rántí rẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ nínú ẹ̀rín àti nínú ẹ̀bi,
                                        Àlùmọ́gàjí.